Kí Obìnrin Tó Fọwọ́ sí Ìwádìí Oògùn PCOS

Tí ìròyìn bá ti jáde pé ilé ìwòsàn kan ń wá àwọn obìnrin tó ní PCOS, ìyẹn àìsàn họ́mọ̀nù àti ilé ẹyin kan, láti wá gbìyànjú oògùn tuntun, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan á ní, “Ẹ má lọ o, wọ́n fẹ́ fi yín ṣe eku ìdánwò ni.” Àwọn mìíràn á ní, “Ẹ tètè lọ, oògùn ọ̀fẹ́ ti dé, ọmọ ti dé nìyẹn.” Ẹni tó ń bẹ̀rù àti ẹni tó ń sáré, ohun kan náà ni kò tíì yé àwọn méjèèjì: ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ìwádìí oògùn sílẹ̀. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì dá a sílẹ̀ láti wo ẹnì kan pàtó sàn. Ìbéèrè kan ni wọ́n fẹ́ dáhùn, obìnrin tó bá sì fọwọ́ sí i ti gbà láti bá wọn wá ìdáhùn náà. Àǹfààní lè kàn án níbẹ̀, ó sì lè má kàn án. Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń wọ̀ kó tó wọ̀ ọ́, àti fún ọkọ, ìyá tàbí àbúrò tí yóò bá a jókòó gbìmọ̀.

Àìsàn tí à ń sọ

Lọ́dún 1935, ní ìlú Chicago, dókítà méjì, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ̀wé nípa obìnrin méje tí nǹkan oṣù wọn kò wá bó ṣe yẹ, tí ilé ẹyin wọn sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà kí orúkọ PCOS tó gbilẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣooṣù, àwọn àpò kéékèèké tó wà nínú ilé ẹyin obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ọ̀kan nínú wọn á gbó, á sì tú ẹyin sílẹ̀. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú họ́mọ̀nù tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin, ṣùgbọ́n lára ẹni tó ní PCOS, ó máa ń pọ̀ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ kì í tún gba iṣẹ́ tí ínsúlínì ń rán an. Ara á wá máa ṣe ínsúlínì sí i, ínsúlínì tó pọ̀ yìí á sì máa ti ilé ẹyin láti ṣe họ́mọ̀nù ọkùnrin sí i. Àwọn àpò ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n á dúró lójú ọ̀nà, ẹyin kò sì ní jáde. Àwọn àpò tó dúró lójú ọ̀nà yìí ni skáànù máa ń fi hàn ní wẹ́wẹ́ nínú ilé ẹyin. Wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọn kì í sì í ṣe ìju tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí fàìbírọ́ìdì, torí ara ilé ọmọ ni ti ìju ti ń hù.

Nítorí bẹ́ẹ̀, nǹkan oṣù lè pẹ́ kó tó dé, tàbí kó má dé rárá fún oṣù mélòó kan. Irùngbọ̀n lè hù, irorẹ́ lè bo ojú, irun àárín orí lè máa já, awọ ọrùn lè dúdú kó sì nípọn. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ pàdé ní Rotterdam, lórílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n sì fẹnu kò pé méjì nínú ohun mẹ́ta ni dókítà gbọ́dọ̀ rí kó tó pè é ní PCOS: kí ẹyin má máa jáde déédéé, kí họ́mọ̀nù ọkùnrin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kí àmì rẹ̀ hàn lára, kí skáànù sì fi ọ̀pọ̀ àpò ẹyin hàn. Dókítà á kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn mìíràn tó fara jọ ọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nínú 100 obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, 10 sí 13 ló ní PCOS, àti pé nínú 100 tó ní i, ó lè tó 70 tí kò mọ̀.

Ẹ fi “méjì nínú mẹ́ta” yẹn sọ́kàn. Òun ló fà á tí obìnrin méjì fi lè ní PCOS kí ọ̀rọ̀ wọn má sì bára mu rárá: ọ̀kan ń wá ọmọ, irun àgbọ̀n ló ń da èkejì láàmú. Ìwádìí kan kò lè dáhùn ìbéèrè àwọn méjèèjì pọ̀.

Oògùn tí a yá lò

Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn tí dókítà ń fún ẹni tó ní PCOS ni wọ́n ṣe fún àìsàn mìíràn. Oògùn àtọ̀gbẹ ni metformin. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni spironolactone tí wọ́n fi ń dín irùngbọ̀n kù. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni èyí tó ń mú nǹkan oṣù wá déédéé, ẹni tó ń wá ọmọ kò sì lè máa lò ó. Clomiphene, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Clomid, ti gba ìyọ̀ǹda ìjọba Amẹ́ríkà láti ọdún 1967 láti mú kí ẹyin jáde, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ nìyẹn. Kò kan irun, kò kan ínsúlínì. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ṣe letrozole fún.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń fọwọ́ kan gbogbo apá àìsàn náà. Èyí ló ń mú kí àwọn onímọ̀ máa wá tuntun, tàbí kí wọ́n máa yẹ oògùn tó ti wà nílẹ̀ wò bóyá ó wúlò fún PCOS, títí kan semaglutide tí ayé ń pariwo nítorí ọ̀rọ̀ ìsanra.

Láti orí eku dé ọ̀dọ̀ ènìyàn

Ẹ jẹ́ ká fi oògùn kan tí kò ṣàjèjì sí ará Nàìjíríà ṣàlàyé bí ìwádìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Artemether tó wà nínú oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́místì, ara ìdílé artemisinin ni. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ tí Tang Qi-Qun ti Yunifásítì Fudan ní Shanghai ṣaájú wọn tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n kọ́kọ́ lo ìdílé oògùn yìí fún eku, wọ́n sì rí i pé ó ń mú kí èròjà kan tí ilé ẹyin fi ń ṣe họ́mọ̀nù ọkùnrin dín kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fún obìnrin 19 tó ní PCOS ní dihydroartemisinin fún ọ̀sẹ̀ 12. Họ́mọ̀nù ọkùnrin lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, nǹkan oṣù 12 nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá déédéé.

Ìròyìn tó dùn ún gbọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí àwọn obìnrin mìíràn tí wọn kò lo oògùn náà, tí à bá fi àwọn 19 wọ̀nyí wé, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan oṣù ẹni tó ní PCOS lè tún ara rẹ̀ ṣe nígbà mìíràn láìlo ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ 12 kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Oògùn ibà tí à ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí a lò fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá tìtorí ìròyìn yìí lọ ra oògùn ibà jọ sílé kò tíì wọ ìwádìí kankan: kò sí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí i kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n.

Láti orí irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí dé ibi tí oògùn ti máa dé orí káńtà, ìpele ìpele ni. Gẹ́gẹ́ bí FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe là á sílẹ̀, ìpele kìíní máa ń lo ènìyàn 20 sí 100, láti mọ̀ bóyá oògùn náà ń pa ènìyàn lára àti ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ìpele kejì lè lo ènìyàn tó tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan tí wọ́n ní àìsàn náà, láti wo bóyá ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìpele kẹta ń lo 300 sí 3,000, wọ́n á sì fi oògùn tuntun wé èyí tó wà nílẹ̀ tàbí hóró tí kò ní oògùn nínú. Ìpele kẹrin ni ti àkókò tí oògùn ti wà lọ́jà, tí wọ́n ṣì ń ṣọ́ ohun tó ń ṣe fún àwọn tó ń lò ó. Nínú oògùn mẹ́ta tó bá wọ ìpele kejì, nǹkan bí ọ̀kan ló ń kọjá sí ìkẹta. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí obìnrin béèrè, nígbà náà, ni ìpele tí ìwádìí tí wọ́n pè é sí wà.

Ìwádìí kan tó parí, tó sì yí ìtọ́jú padà

Ìwádìí lórí letrozole tó jáde lọ́dún 2014, tí Richard Legro ti Penn State ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, dára fún ẹni tó fẹ́ rí odidi iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn kò lọ́jú pọ̀: láàárín clomiphene àti letrozole, èwo ni yóò jẹ́ kí obìnrin tó ní PCOS bí ọmọ láàyè jù?

Obìnrin 750 ló wọ̀ ọ́, láti ẹni ọdún 18 sí 40. Àyẹ̀wò ti kọ́kọ́ fi hàn pé ó kéré tán ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ ṣí sílẹ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n yẹ àtọ̀ ọkọ náà wò. Àwọn 376 gba clomiphene, àwọn 374 gba letrozole, fún nǹkan oṣù tí kò ju márùn-ún lọ. Láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ keje nǹkan oṣù ni wọ́n ń lo oògùn náà. Bí ẹyin kò bá jáde, wọ́n á fi kún ìwọ̀n rẹ̀ ní ìgbà tó tẹ̀ lé e.

Ta ló wá pín wọn? Dókítà kọ́, obìnrin kọ́. Bí ṣíṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe ṣe é. Àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá irúgbìn àgbàdo tuntun dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kò ní gbin tuntun sí àbàtà, kó wá gbin ti àtẹ̀yìnwá sórí òkè olókùúta. Orí ilẹ̀ kan náà, lábẹ́ òjò kan náà, ni yóò gbin méjèèjì sí. Bákan náà, bí dókítà bá lè yan ẹni tí yóò gba oògùn tuntun, ó lè jẹ́ àwọn tí ara wọn le jù ni yóò máa fún, láìmọ̀. Kèké ni kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni. Òun ló ń mú kí ọjọ́ orí, ìsanra àti ọdún tí wọ́n ti fi wá ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní apá méjèèjì.

Wọn kò tún jẹ́ kí obìnrin tàbí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ èyí tó ń lò. Nọ́ńbà ló wà lára ìgò, orúkọ oògùn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé tuntun ni òun ń lò lè máa retí ire ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà tó bá sì mọ̀ lè máa fi ojúure wo àbájáde. Ìwé tó sọ èyí tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá aláìsàn pàdé, wọ́n sì lè ṣí i bí pàjáwìrì bá dé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, 103 nínú àwọn 374 tó lo letrozole ló bímọ, ìyẹn 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní apá clomiphene, 72 nínú 376 ni, ìyẹn 19.1. Oyún ìbejì jẹ́ 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún oyún ní apá letrozole, 7.4 ní apá kejì, àmọ́ iye oyún kò tó láti fi sọ pé ìyàtọ̀ yẹn dájú. Ara gbígbóná bí iná wọ́pọ̀ jù ní apá clomiphene. Àárẹ̀ àti òòyì wọ́pọ̀ jù ní ti letrozole. Ọmọ mẹ́rin ní apá letrozole àti ọ̀kan ní apá clomiphene ni àbùkù ara tó lágbára wà lára wọn, ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ ní ó lè jẹ́ ti èèṣì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Lọ́dún 2018, ìlànà àgbáyé lórí PCOS fi letrozole ṣáájú fún àwọn tí ẹyin wọn kì í jáde tí wọ́n sì ń wá ọmọ.

Ẹ tún ìṣirò yẹn wò. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó gba oògùn tó borí, ó ju 70 lọ tí kò bímọ nínú ìwádìí náà. Ìwádìí yege pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe é kò rí ohun tí wọ́n wá. Ìdí nìyí tí ìwádìí fi yàtọ̀ sí ìtọ́jú. Nínú ìtọ́jú, bí oògùn kan kò bá bá yín lára mu, dókítà á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nínú ìwádìí, ìlànà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí pé òun ni ìdáhùn dúró lé.

Bí ìrìn náà ṣe ń lọ

*Ìtẹ́wọ́gbà.* Wọ́n á béèrè ọjọ́ orí, ìtàn nǹkan oṣù, oyún tó ti bàjẹ́, àìsàn mìíràn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ṣe skáànù, wọ́n á wọn ìwúwo àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ dá metformin tàbí oògùn họ́mọ̀nù dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ kò kúnjú ìwọ̀n, kò túmọ̀ sí pé àìsàn yín ti kọjá àtúnṣe; ó kàn jẹ́ pé irú ẹni tí ìbéèrè wọn kàn kọ́ ni yín. Níbí yìí náà ni ó yẹ kí ẹ ti sọ nípa àgbo. Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń mu àgbo àti aṣèrànwọ́ mìíràn, wọ́n á sì fi pa mọ́ fún dókítà kó má baà bínú. Nínú ìwádìí, ìfipamọ́ yẹn léwu ní ìlọ́po méjì: àgbo lè bá oògùn jà nínú ara yín, ó sì lè ba ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn ń wá jẹ́.

*Àlàyé àti ìyọ̀ǹda.* Wọ́n á fún yín ní ìwé tó sábà máa ń gùn. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ni: ohun tí wọ́n ń wá, bí yóò ṣe pẹ́ tó, ewu tí wọ́n mọ̀, ohun tí wọn kò tíì mọ̀, ìtọ́jú mìíràn tó wà níta, ẹni tí ẹ máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti ẹ̀tọ́ yín láti jáde. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé ní Yorùbá. Ìbuwọ́lùwé yín kì í ṣe ìwé àdéhùn tí wọ́n lè fi mú yín.

*Ìpínsọ́tọ̀.* Ìṣẹ́kèké tí a ti sọ lókè nìyí. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí mọ̀lẹ́bí tó lè bá yín sọ̀rọ̀ sí i.

*Ìbẹ̀wò.* Ẹ ó máa padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Wọ́n á ka hóró tó kù nínú ìgò, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ní apá, wọ́n á bi yín ní gbogbo ohun tí ẹ rí lára yín, títí kan orí fífọ́ tí ẹ rò pé oòrùn ló fà á. Ẹ sọ ọ́. Àwọn ni yóò pinnu bóyá oògùn ló fà á, nítorí àwọn ló ń gbọ́ láti ẹnu gbogbo ènìyàn.

*Ìparí.* Lẹ́yìn ìbẹ̀wò ìkẹyìn, oògùn náà lè dáwọ́ dúró kódà bí ó bá ń ṣe yín lóore, torí kò tíì sí lọ́jà. Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí ẹ ti mọ̀ ṣáájú nìyẹn. Nínú ìwádìí ìbímọ, wọ́n lè máa tẹ̀ lé oyún títí ọmọ yóò fi wá sáyé.

Ta ló ń ṣọ́ wọn?

Ẹ̀rù tí ń ba ènìyàn kò ṣàdédé wá. Ní Alabama, láti ọdún 1932 sí 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ń wo bí àrùn syphilis ṣe ń ba ara àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jẹ́ ní àgbègbè Tuskegee, wọn kò sì fún wọn ní penicillin lẹ́yìn tí ó ti di oògùn rẹ̀. Ní Kano lọ́dún 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn mẹnínjáítìsì, iléeṣẹ́ Pfizer lo Trovan fún ọmọ 100, ó sì fún 100 mìíràn ní ceftriaxone. Ọmọ 11 kú, 5 ní apá Trovan, 6 ní apá kejì. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìwádìí ni. Pfizer ní àrùn náà ló pa àwọn ọmọ, pé àwọn òbí sì ti gbà. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ náà bá Ìpínlẹ̀ Kano yanjú ẹjọ́ lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ló mú kí òfin le sí i. Ìkéde Helsinki, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1964 tí wọ́n sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, sọ pé ire ẹni tó kópa gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun tí ìmọ̀ ń wá. Ní Nàìjíríà, ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera jáde lọ́dún 2007, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì fún NHREC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìlànà náà, ní agbára lábẹ́ òfin. Kí ìwádìí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ ti ka ìwé rẹ̀, NAFDAC náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú ìwádìí ńlá, ìgbìmọ̀ mìíràn tún wà tí kì í ṣe ara àwọn tó ń ṣe é, tó ń yẹ àbájáde wò láàárín méjì, tó sì lè ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró bí ewu bá hàn.

Ẹ̀yin náà lè ṣọ́ ara yín. Ìwádìí tó yẹ máa ń ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀: ti ClinicalTrials.gov máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT, ti Áfíríkà tó wà ní Cape Town máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PACTR. Ẹnikẹ́ni lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpè orí WhatsApp tí kò ní nọ́ńbà, tí kò dárúkọ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́, tó sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó oògùn, ọjà ni ẹni yẹn ń tà.

Ohun tí a sábà máa ń ṣì gbọ́

“Bí mo bá wọ̀ ọ́, mo máa rí oògùn tuntun gbà.” Ó lè jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá ni kèké máa mú fún yín, tàbí hóró tí kò ní oògùn nínú, tí àwọn dókítà ń pè ní placebo.

“Placebo túmọ̀ sí pé wọ́n á fi mí sílẹ̀ láìtọ́jú.” Níbi tí ìtọ́jú tó dájú bá wà, òun ni wọ́n sábà máa ń fi oògùn tuntun wé, bí wọ́n ṣe fi clomiphene ṣe. Níbi tí wọ́n bá ti lo placebo, ìwé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba.

“Gbogbo ìwádìí PCOS ló máa jẹ́ kí n lóyún.” Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dun ènìyàn jù. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó dá lórí ìsanra, ínsúlínì tàbí irun ni kò fẹ́ oyún rárá, nítorí a kò mọ ohun tí oògùn náà lè ṣe fún ọmọ inú. Wọ́n á ní kí ẹ fètò sọ́mọ bíbí títí yóò fi parí. Ẹni tí ọdún rẹ̀ ti ń lọ, tó sì ń wá ọmọ lójú méjèèjì, gbọ́dọ̀ ro oṣù tí ìwádìí máa gbà mọ́ ìpinnu rẹ̀.

“Ọkọ ló máa fọwọ́ sí i.” Àgbàlagbà obìnrin ló ń fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀. Ó dára kó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, bí ìwádìí bá sì nílò àyẹ̀wò ọkọ, ọkọ náà yóò fọwọ́ sí ti ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi agbára mú un wọlé.

“Bí mo bá kúrò, dókítà máa bínú sí mi.” Ẹ lè jáde nígbàkígbà láìsọ ìdí, ìtọ́jú tó tọ́ sí yín ní ilé ìwòsàn náà kò sì gbọdọ̀ dín kù. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀, nítorí oògùn mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ mú lọ

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sínú ìwé kí ẹ tó lọ:

Ìpele wo ni ìwádìí yìí wà, ènìyàn mélòó ló sì ti lo oògùn náà ṣáájú mi?
Kí ni wọ́n ń fi wé? Nínú ènìyàn mélòó ni ọ̀kan yóò gba tuntun?
Ṣé mo lè lóyún láàárín rẹ̀? Bí oyún bá ṣèèṣì dé ńkọ́?
Oògùn tàbí àgbo wo ni mo gbọ́dọ̀ dá dúró?
Ta ni yóò san owó àyẹ̀wò àti ọkọ̀? Bí oògùn náà bá pa mí lára, ta ni yóò tọ́jú mi, àpò ta sì ni owó rẹ̀ yóò ti wá?
Ta ló máa rí àbájáde ẹ̀jẹ̀ mi, ibo ni wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ sí?
Nígbà tó bá parí, ṣé wọ́n máa sọ fún mi ohun tí mo lò àti ohun tí wọ́n rí?

Ẹ gbé ìwé ìyọ̀ǹda náà lọ sílé, ẹ kà á pẹ̀lú ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ tó padà lọ. Ẹni tó bá sọ pé òun kò ṣe kò pàdánù ìtọ́jú tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Metformin rẹ̀ ṣì wà, letrozole ṣì wà, dókítà rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó bá sọ pé òun máa ṣe é, kó gba ẹ̀dà ìwé tó bu ọwọ́ lù, kó kọ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fún un fún pàjáwìrì sí ibi tí ará ilé náà ti lè rí i, kó sì fi ọjọ́ ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ sínú kàlẹ́ńdà.